Asọ̀rọ̀mágbèsì: Tẹlifíṣàn Ìjọba àti Ẹ̀tọ́ Èsì

Ìfáárà

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. N kì í ṣe oníròyìn, n kì í sì í ṣe amòfin. Ṣùgbọ́n ohun tí lítíréṣọ̀ alohùn fi kọ́ mi ni pé ọ̀rọ̀ kì í dá dúró. Ẹni tí ń sọ ọ́ wà, ẹni tí a ń sọ ọ́ fún wà, ẹni tí ó ni agbo tí a ti ń sọ ọ́ sì wà. Ọ̀rọ̀ ẹni kẹta yìí ni mo bá wá lónìí. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọba ni ó ni agbo, ta ni ó yẹ kí ó pinnu ohun tí a óò sọ níbẹ̀?

Alímọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, ní agbègbè Ẹ̀gbẹ́dá, ibẹ̀ ni n óò sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè yìí. Iye tí wọ́n kéde fún ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, tí Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndò àti Ìpájà wà nínú rẹ̀, ni 1,277,714. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ka tirẹ̀ ní ọdún kan náà, ó sì ní 2,047,026 ni wá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin iye méjèèjì lé ní 760,000. Odidi ìlú ńlá kan ni èyí jẹ́, tí ó wà lójú ìjọba kan, tí kò sì sí lójú ìjọba kejì. Iye ènìyàn ni a sì fi ń pín owó, òun ni a fi ń pín àga ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ìjọba méjèèjì yìí ni ó ní tẹlifíṣàn. Ti ìjọba àpapọ̀ ni NTA. Ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni LTV tí ó wà ní Agídíńgbì. Ẹ jẹ́ kí a wá ro ti ẹnì kan tí ó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ìkòtún, tí ó fẹ́ mọ bí òun àti àwọn aládùúgbò òun ti pọ̀ tó. Níbo ni yóò ti rí olóòtú tí yóò gbé iye méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí yóò pe àwọn tí ó kà wá níhà méjèèjì, tí yóò sì bi wọ́n léèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà kà wá, láìbẹ̀rù ọ̀gá tí ń san owó oṣù rẹ̀? Ìbéèrè òmìnira olóòtú kò jù báyìí lọ.

Orúkọ tí ó jẹ́ ẹ̀sùn

Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà dùn ún gbọ́, àwọn ọmọdé a sì máa fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀. Láàrin wa, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, ọba tí inú ń bí ni, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Nígbà tí tẹlifíṣàn tẹ̀ lé e, a fún un ní orúkọ tí ó wuyì jù bẹ́ẹ̀ lọ, amóhùnmáwòrán. Àléébù ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tìtorí èyí kúrò lára rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ kò lè gba èsì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ẹ̀rọ lè gbà á. Bí Gómìnà bá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lónìí, kò sí ohun tí ó dí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti fún ẹni tí ó takò ó ní àyè lọ́la. Bí èyí kò bá ṣẹlẹ̀, ìpinnu ènìyàn ni, a kò sì gbọdọ̀ di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹ̀rọ. Mo fẹ́ fi ìtàn hàn yín pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èsì ti wà nídìí tẹlifíṣàn ilẹ̀ wa, àti pé ìgbà kan wà tí a ṣi ọ̀nà gbà.

Èsì tí wọn kò gbà

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro ti ẹgbẹ́ Action Group gbé àbá kalẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní ọdún 1956. Àwọn aṣojú Àríwá kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti NCNC sì jáde kúrò ní ilé ìgbìmọ̀. Gómìnà nígbà náà, Sir John Macpherson, bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì dá àwọn aṣáájú Action Group lẹ́bi. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bèèrè fún àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò fún un.

Inú ìkọ̀sílẹ̀ yìí ni a ti máa ń fa gbòǹgbò tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olórí rẹ̀, bá ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dòwò pọ̀, wọ́n sì ṣí WNTV ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Ohun ìwúrí ni. Èmi náà a máa fi yangàn níwájú àlejò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan bèèrè fún èsì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́. Wọ́n fi ẹ̀tọ́ náà dù ú. Ó sì kọ́ ilé ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Èsì tí ó yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn wá di ohun ìní ẹni tí ó bá lágbára láti ra ẹ̀rọ. Gbogbo ìjọba ni ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ìlà-Oòrùn ṣí tirẹ̀ ní Enugu ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Àríwá ṣí tirẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1962, ìjọba àpapọ̀ náà sì ṣí tirẹ̀ ní Èkó ní ọdún yìí kan náà. Olúkúlùkù ni ó ní asọ̀rọ̀mágbèsì tirẹ̀.

Kí ni ó dé bá ilé tí a kọ́ nítorí èsì? Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, lẹ́yìn ìdìbò tí ó dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn ènìyàn jókòó ti rédíò wọn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ Olórí Ìjọba, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, láti ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn. Ohùn mìíràn ni wọ́n gbọ́, tí ó ń sọ fún Akíntọ́lá pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan Wọlé Ṣóyínká pé ó fi ìbọn halẹ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó sì fi téèpù tirẹ̀ dípò ti Olórí Ìjọba. Ilé-ẹjọ́ dá a sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Àwa onílítíréṣọ̀ a máa sọ ìtàn yìí bí ẹni ń sọ ìtàn akin. Lónìí, n kò mú un wá fún ìyìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tí a ṣí ilé tí ìkọ̀sílẹ̀ èsì bí, a ti dé ibi tí ẹni tí ó fẹ́ fèsì nínú rẹ̀ kò rí ọ̀nà mìíràn ju ọ̀nà olè lọ. Àwọn tí ó ni ilé ti yí padà. Àṣà ilé kò yí padà.

Ilé méjì ní Ìpájà, tẹlifíṣàn méjì ní pálọ̀

Nígbà tí ó di ọdún 1977, ìjọba ológun fi Òfin 24 kó gbogbo tẹlifíṣàn orílẹ̀-èdè yìí sábẹ́ NTA. Òfin ìlú ti ọdún 1979 sì tún fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àyè láti ní tiwọn. Lateef Jákàńdè, oníròyìn tí ó ti ṣe olóòtú Nigerian Tribune rí, di Gómìnà Èkó lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Ẹgbẹ́ NPN ti Shehu Shagari ni ó wà ní ìjọba àpapọ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ni NTA wà. Ní ọdún 1980, Jákàńdè dá LTV sílẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Ìpájà dáadáa lè fi ojú rí àsìkò náà títí di òní. Abẹ́sàn tí ìjọba Jákàńdè kọ́ wà níbẹ̀. Ibùgbé tí ó ń jẹ́ orúkọ Shagari náà wà níbẹ̀. Ìjọba méjì ń bá ara wọn díje lórí ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, wọ́n ń kọ́lé fún wa. Nínú ìdíje ilé, aráàlú jèrè: ilé méjì sàn ju ọ̀kan lọ. Ǹjẹ́ tẹlifíṣàn méjì sàn ju ọ̀kan lọ bákan náà?

Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Bí iná bá wà, baba mi a gbọ́ ìròyìn tibí, a sì yí bọ́tìnnì kí ó lè gbọ́ tọ̀hún. Bí a bá ráhùn pé eré tí a ń wò ti kọjá, a ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni." Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ èrò tirẹ̀ fún ìyá mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ olóòtú ni baba mi ń ṣe. Iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ méjèèjì ń gba owó fún, tí ìkankan nínú wọn kò ṣe fún un, òun ni ó ń ṣe ọ́ lórí àga rẹ̀ lálaalẹ́. Tẹlifíṣàn méjì sàn fún ẹni tí ó ní iná, tí ó ní sùúrù, tí kò sì sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Mélòó ni irú wọn?

Ọba kì í pọ̀kọrin

Àwọn kan yóò sọ pé kò sí bí ẹnu tí ń jẹ oúnjẹ ọba ṣe lè sọ̀rọ̀ sí ọba. Ìmọ̀ tí mo ní nípa lítíréṣọ̀ wa kò jẹ́ kí n gbà bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Àwórì ni Alímọ̀ṣọ́. Àwọn Àwórì, àwọn ará Kétu àti àwọn tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò tẹ́lẹ̀ ni ó mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jù. Ní òru ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lójú ọjọ́, ẹ̀fẹ̀ yóò jáde, yóò fi orin yin ẹni tí ìyìn tọ́ sí, yóò sì fi orin bú ẹni tí ó hu ìwà àìtọ́, ìbáà ṣe ìjòyè. Ìlú ni ó ń gbọ́ bùkátà ọdún náà, àwọn ìjòyè sì wà nínú ìlú. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò mú ẹ̀fẹ̀ dè ní ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọdún Òkèbàdàn ní Ìbàdàn, níbi tí ọmọdé ti lè kọrin sí ẹni ńlá lójú títì. Àwọn àgbà sì fi òwe kan ṣe òfin: ọba kì í pọ̀kọrin.

N kò fẹ́ kí a sọ ayé àtijọ́ di ọ̀run. Òru kan lọ́dún ni ẹ̀fẹ̀ ní. Àwọn arọ́kin tí ń sọ ìtàn ní ààfin Ọ̀yọ́ kò sì gbàgbé ẹni tí ó ni ààfin. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ra ìlù kọ́ ni ó ń pinnu òmìnira onílù. Àṣà tí ó ká ọwọ́ ọba kò ni ó ń pinnu rẹ̀. Ọ̀kọrin lè jẹ oúnjẹ ọba kí ó sì sọ òótọ́, bí gbogbo ìlú bá ti mọ̀ pé orí ọ̀kọrin kò sí lábẹ́ idà. Ẹ sì rántí pé orin ní lílé, ó ní ègbè. Agbo tí kò bá fẹ́ gbe orin lè dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì jẹ́ èsì. Tẹlifíṣàn ìjọba ti mú lílé, ó ti gbàgbé ègbè.

Okùn mẹ́ta

Báwo ni ọwọ́ ìjọba ṣe ń dé orí tábìlì olóòtú? Okùn mẹ́ta ni mo rí. Èkíní ni ìyànsípò: ìjọba àpapọ̀ ni ó ń yan àwọn adarí NTA, gómìnà ni ó ń yan ti LTV, ẹni tí ó yàn sì lè yọ. Èkejì ni owó: inú àpò ìjọba ni owó oṣù ti ń jáde. Ẹ̀kẹta ni ìwé àṣẹ: láti ìgbà tí Òfin 38 ti ọdún 1992 ti dá àjọ NBC sílẹ̀, tí ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn aládàáni, àjọ yìí ni ó ń gba ìwé ìbéèrè wọn, tí ó sì ń fi àbá rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ Mínísítà sí Ààrẹ.

Ohun tí ó burú ni pé a kì í fa àwọn okùn náà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ pè mí láti wá sọ̀rọ̀ nípa ewì òṣèlú. Mo ka ewì kan tí mo kọ fúnra mi nípa ọ̀nà tí omi ti gbà lọ́wọ́ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ètò náà jáde, ewì náà kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣe ètò náà wá bẹ̀ mí nílé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Kò sẹ́ni tó ní kí n yọ ọ́. Èmi ni mo rò ó pé ó lè bí wọn nínú." Mo bi í pé ta ni wọ́n. Kò lè dáhùn. N kò lè bínú sí ọmọ náà, nítorí pé ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń kú: kì í ṣe ní ọ́fíìsì Mínísítà, bí kò ṣe nínú àyà ẹni tí kò mọ òfin kankan tí yóò gbà á sílẹ̀.

Aládàáni ńkọ́?

Ẹnì kan lè ní àwọn aládàáni ti dé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìkòtún. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé alájà púpọ̀ ti ìjọ Synagogue Church of All Nations wó lulẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn 116 ni ó kú, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ààrẹ Jacob Zuma ni ó kéde láti ìlú rẹ̀ pé 67 nínú àwọn ènìyàn òun ni ó ti kú. Ìjọ náà ní tẹlifíṣàn tirẹ̀, ó sì ń tọ́ka sí ọkọ̀ òfurufú kan tí ó fò kọjá. Adájọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó yàn láti wádìí ikú náà sọ ní oṣù keje ọdún 2015 pé àbùkù ìkọ́lé ni ó fà á. Àwọn tí ń gbé ní àdúgbò náà mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé àwọn nílò ẹni tí kò jẹ́ ti ìjọ, tí kò sì jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó yẹ kí ó yẹ ilé wò. Aládàáni pẹ̀lú ní olówó.

Aládàáni tí ó bá sì ta kánkán kò bọ́ lọ́wọ́ okùn kẹta. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ti oṣù kẹwàá ọdún 2020, NBC bu owó ìtanràn lé Channels, AIT àti Arise nítorí bí wọ́n ṣe gbé ìròyìn rẹ̀ jáde. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ nínú ẹjọ́ kan pé NBC kì í ṣe ilé-ẹjọ́, kò sì ní agbára láti bu irú owó bẹ́ẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Ẹ kíyè sí i pé òfin ni ó gbani, kì í ṣe ọrọ̀.

Èsì tí wọ́n gbà

Ní ọdún 1993, ohun tí ó ṣe Awólọ́wọ̀ ní 1953 ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní Gánà. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ owó, Kwesi Botchwey, bọ́ sórí tẹlifíṣàn ìjọba, GBC, ó ṣàlàyé ètò ìnáwó ọdún náà. Ẹgbẹ́ New Patriotic Party bèèrè fún àyè tí ó dọ́gba láti sọ èrò tiwọn. GBC kọ̀. Ogójì ọdún gbáko ni ó wà láàrin ìkọ̀sílẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ yìí kò lọ kọ́ tẹlifíṣàn. Ilé-ẹjọ́ ni wọ́n gbà lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Ilé-Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ dá wọn láre, nítorí pé òfin ìlú Gánà ti ọdún 1992 sọ ọ́ kedere pé ilé-iṣẹ́ ìròyìn tí ó jẹ́ ti ìjọba gbọ́dọ̀ fún èrò tí ó yàtọ̀ ní àyè. Òfin náà tún gbé yíyan àwọn ìgbìmọ̀ tí ń darí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé ọwọ́ àjọ kan tí ó dá dúró, tí yóò máa fi ọ̀rọ̀ lọ Ààrẹ.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 2016, àwọn aláṣẹ SABC ní kí a má ṣe fi àwòrán ìwọ́de tí ó ní ìbàjẹ́ dúkìá hàn mọ́. Wọ́n lé oníròyìn mẹ́jọ tí ó ta kò ó. Àjọ tí ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní kí SABC yí àṣẹ náà padà, ilé-ẹjọ́ òṣìṣẹ́ sì pàṣẹ pé kí a dá àwọn kan nínú wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ń jẹ́ ọba kì í pọ̀kọrin nìyí, tí a kọ ọ́ sínú ìwé òfin. Bí ọmọ tí ó yọ ewì mi bá ní irú òfin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, bóyá kò bá má yọ ọ́.

Tiwa ńkọ́? Abala 22 nínú òfin ìlú wa ti ọdún 1999 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn máa mú ìjọba jíhìn fún aráàlú. Abala 39 sì fún wa ní òmìnira láti sọ èrò wa. Ọ̀rọ̀ rere ni. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ nínú òfin ìlú náà pé tẹlifíṣàn tí a fi owó gbogbo wa gbé ró gbọ́dọ̀ gba èsì.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni mo ń bèèrè, okùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀bẹ tirẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ tí ó dá dúró máa yan adarí NTA àti ti àwọn ìpínlẹ̀, fún iye ọdún tí a mọ̀, kí a má sì lè yọ ọ́ láìsọ ìdí ní gbangba. Kí owó wọn jẹ́ iye tí òfin dá fún ọdún púpọ̀, kí ó má ṣe máa dúró de ìdùnnú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta ni mo kà sí pàtàkì jù: kí òfin sọ pé ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ sí lórí tẹlifíṣàn ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti fèsì níbẹ̀, kí ó sì lè pe ẹjọ́ bí wọn kò bá gbà á.

N kò sọ pé kí ìjọba ta tẹlifíṣàn rẹ̀. Èdè wa, ìtàn wa àti eré wa ti jẹ àǹfààní rẹ̀ púpọ̀. Adébáyọ̀ Fálétí akéwì ṣiṣẹ́ ní WNTV. Ẹni tí ó bá ní ilé náà kò ṣe wá lóore, aláìmoore ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé a ti gbìyànjú ọ̀nà olúkúlùkù-ní-tirẹ̀ láti ọdún 1959, títí di òní kò sì tíì sí ẹni tí ó dá Awólọ́wọ̀ lóhùn lórí ohun tí ó bèèrè ní 1953. Kò kọ́kọ́ bèèrè fún tẹlifíṣàn. Àyè láti fèsì ni ó bèèrè.

Ní Alímọ̀ṣọ́, a kò tíì mọ iye tí a jẹ́. Ó lè jẹ́ 1,277,714, ó lè jẹ́ 2,047,026, ó sì lè jẹ́ pé kò sí èyí tí ó tọ̀nà. Ní ọjọ́ tí àwọn tí ó kà wá bá jókòó sí yàrá kan náà lórí tẹlifíṣàn tí owó wa gbé ró, tí ará Ìgàndò kan sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn, ọjọ́ náà ni a óò lè fún asọ̀rọ̀mágbèsì ní orúkọ mìíràn. Ó kù sí ọwọ́ yín láti fèsì.